Báwo ni fáírọ́ọ̀sì Hepatitis C ṣe ń fi sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ wa bí sí i? Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí, àti ìdáhùn wọn

Lábù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ la máa ń yẹ̀ wò níbẹ̀. Màmá kan mú bébà rísọ́ọ̀tì wọn wá bá mi lọ́jọ́ kan, wọ́n ti ká a sí mẹ́rin, wọ́n tún ká a sí mẹ́jọ, ojú ibi tí wọ́n ti ká a ti fẹ́ẹ̀ ya. HCV ni wọ́n kọ síbẹ̀, ìyẹn ìkékúrú orúkọ fáírọ́ọ̀sì Hepatitis C, wọ́n wá kọ reactive sí iwájú ẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, ṣé kòkòrò yìí ń jẹ ẹ̀dọ̀ mi lọ́wọ́ báyìí ni?" Mo ní, "Rárá mà, kì í jẹ ẹ̀dọ̀, ńṣe ló ń lo ẹ̀dọ̀." Wọ́n wojú mi, wọ́n ní kí wá ni ìyàtọ̀ ẹ̀.

Ìyàtọ̀ yẹn pọ̀ gan-an, a jókòó tì í lọ́jọ́ náà, mi ò sì lè ṣàlàyé ẹ̀ tán. Ìbéèrè wọn àti ti àwọn míì tó bi mí lẹ́yìn wọn ni mo kó jọ síbí. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ẹni tó gba irú bébà yẹn tó wá lọ jókòó sílé tó ń retí ikú, nígbà tó jẹ́ pé nínú àwọn fáírọ́ọ̀sì tó máa ń gbé ara èèyàn fún ọdún gbọọrọ, èyí ni dókítà lè lé jáde pátápátá, ọ̀nà tó sì ń gbà bí sí i gan-an ló jẹ́ kó ṣeé lé.

Kí ni fáírọ́ọ̀sì yìí gan-an? Ṣé kòkòrò tó lẹ́nu tó lẹ́yín ni?

Kò lẹ́nu, kò lẹ́yín, kì í mí, kì í jẹun. Okùn RNA kan ṣoṣo ni, RNA yẹn ni ìwé tí wọ́n kọ gbogbo ìlànà bí wọ́n ṣe ń ṣe é sí, gígùn ẹ̀ ò sì ju nǹkan bíi lẹ́tà 9,600 lọ. DNA tiwa èèyàn, nǹkan bíi bílíọ̀nù 3 lẹ́tà ni, ẹ ẹ̀ rí i pé ìwé tiẹ̀ ò tó ojú ewé kan nínú tiwa. Purotéènì kan tó ń jẹ́ core ló wé mọ́ okùn yẹn, awọ ọ̀rá wá bò ó, purotéènì méjì tí wọ́n ń pè ní E1 àti E2 yọ ṣóńṣó síta lára awọ náà. Gbogbo purotéènì tó lè ṣe láyé ẹ̀ ò ju 10 lọ.

Ẹni tí ẹrù ẹ̀ kéré tó báyìí, tí kò ní iná ìdáná, tí kò ní ìkòkò, tí kò ní omi, báwo ló ṣe fẹ́ se oúnjẹ? Àfi kó wọ ilé ìdáná ẹlòmíì. Ohun tó ń ṣe nìyẹn. Gbogbo nǹkan tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ yìí, orí ọ̀rọ̀ yìí ló dá lé.

Kí ló dé tó jẹ́ ẹ̀dọ̀ ló máa ń lọ? Kí ló dé tí kò lọ síbòmíì?

Torí pé ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan tó nílò ti pé sójú kan. Tẹ́ẹ bá ti ra ẹ̀dọ̀ki lọ́wọ́ alẹ́ran rí, tó bá jẹ́ ti ẹran tó sanra, ẹ máa rí i pé ọ̀bẹ máa ń yọ̀ tẹ́ẹ bá gé e, ọ̀rá á lẹ̀ mọ́ ojú ọ̀bẹ. Ẹ̀dọ̀ ló ń di ọ̀rá sínú àwọn páálí kéékèèké tó ń gbé jáde sínú ẹ̀jẹ̀ kó lè dé gbogbo ara, òun náà ló sì máa ń gba èyí tó ṣẹ́ kù padà. Hepatitis C ti mọ ọ̀nà ọlọ́ràá yìí dáadáa, ibẹ̀ ló ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ló ń gbà jáde. Yàtọ̀ síyẹn, RNA kékeré kan wà tó jẹ́ pé inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ló kún sí, miR-122 lorúkọ ẹ̀, kò sì pọ̀ bẹ́ẹ̀ níbòmíì. Láìsí ìyẹn, fáírọ́ọ̀sì yìí ò lè gbérí. Mo máa padà sórí ẹ̀.

Báwo ló ṣe ń wọlé? Ṣé ó ń ya sẹ́ẹ̀lì ni?

Kò ya nǹkan kan o. Ṣe ni wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un. Tó bá ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀, ó máa ń da ọ̀rá tiwa bo ara, ó tún máa ń gbé ApoE sára, ìyẹn purotéènì tí ara wa ń lẹ̀ mọ́ páálí ọ̀rá kí sẹ́ẹ̀lì lè dá a mọ̀. Ẹni tó wọ yúnífọ́ọ̀mù ilé iṣẹ́ kan, ta ló máa dá a dúró lẹ́nu géètì? Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ rí aṣọ tó mọ̀, ó jẹ́ kó sún mọ́ òun.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá dùn nìyí, ìlẹ̀kùn náà ò ní kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo. Ó máa kọ́kọ́ rọra so mọ́ àwọn ṣúgà tó wà lójú sẹ́ẹ̀lì, lẹ́yìn náà purotéènì ojú sẹ́ẹ̀lì kan tó ń jẹ́ SR-B1 á gbà á, SR-B1 yìí iṣẹ́ tiẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé kó máa gba cholesterol, lẹ́yìn ìyẹn E2 á di CD81, purotéènì ojú sẹ́ẹ̀lì míì, mú. CD81 ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ nínú wọn, lọ́dún 1998. Wọ́n á wá jọ sún lọ sí ẹ̀gbẹ́, ibi tí sẹ́ẹ̀lì kan ti fara ti ìkejì ẹ̀ pinpin, níbẹ̀ ni claudin-1 àti occludin wà, ọdún 2007 ni wọ́n rí claudin-1, wọ́n rí occludin lọ́dún 2009. Iṣẹ́ méjèèjì ni pé kí wọ́n dí àlàfo tó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì kí nǹkan má baà jò. Fáírọ́ọ̀sì ní láti bá gbogbo wọn pàdé, tó bá ku ẹyọ kan, kò ní wọlé. Ìdí nìyẹn tí fáírọ́ọ̀sì yìí ò fi ń mú eku: CD81 àti occludin ti eku yàtọ̀ sí tiwa, àfìgbà tí àwọn onímọ̀ fi ti èèyàn sínú sẹ́ẹ̀lì eku ni ilẹ̀kùn tó ṣí.

Tó bá ti wọlé, kí ló kọ́kọ́ máa ń ṣe?

Sẹ́ẹ̀lì á gbé e mì sínú àpò kékeré kan. Àpò yẹn máa ń kan díẹ̀díẹ̀ bí ọsàn wẹ́wẹ́, ìkan yẹn ló máa jẹ́ kí awọ fáírọ́ọ̀sì àti awọ àpò náà yọ́ pọ̀ di ẹyọ kan, okùn RNA á wá já sí gbàgede sẹ́ẹ̀lì, níta ibi tí DNA wa wà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ibi yìí sọ́kàn, níta ibi tí DNA wà. Kò wọ inú yàrá yẹn rárá, títí tó fi máa jáde, kò ní débẹ̀.

RNA tó já síbẹ̀ yìí ò sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ tú òun sí èdè míì. Bó ṣe wà gẹ́lẹ́, sẹ́ẹ̀lì lè kà á, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe purotéènì. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yẹn nínú sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè ní ribosome. RNA tiwa máa ń dé nǹkan kan sórí tó dà bíi fìlà, fìlà yẹn ni ribosome máa ń wò kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ti Hepatitis C ò dé fìlà. Àmọ́ ó ti ká orí ara ẹ̀, ó ká a ní kíká tó jẹ́ pé apá kan lára ribosome máa ń wọ inú ẹ̀ rẹ́gí, á wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìbéèrè fìlà. Ibi tó ká yẹn ni wọ́n ń pè ní IRES.

Mo gbọ́ pé purotéènì gígùn kan ló ń ṣe, tó wá ń gé e. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni. Ẹni tó bá ti rí àwọn tó ń hun aṣọ òkè ní Ìsẹ́yìn máa mọ̀ pé aṣọ yẹn kì í jáde ní bùbá àti ìró láti orí òfì. Ọ̀já gbọọrọ kan ni wọ́n máa ń hun, á gùn lọ, lẹ́yìn náà ni wọ́n á gé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni ribosome ń hun purotéènì Hepatitis C, ọ̀já kan ṣoṣo, gígùn ẹ̀ tó nǹkan bí 3,000 amino acid, ìyẹn àwọn hóró tí wọ́n ń tò pọ̀ di purotéènì, wọ́n á wá gé e sí ọ̀nà 10.

Ta ló ń gé e? Apá ìbẹ̀rẹ̀, níbi tí core, E1, E2 àti p7 wà, sísọ́ọ̀sì tiwa ni wọ́n fi ń gé ìyẹn, àwọn ẹ́ńsáìmù (purotéènì tó ń ṣe iṣẹ́ bíi gígé àti síso) tí sẹ́ẹ̀lì ti ní tẹ́lẹ̀. Apá tó kù, àwọn tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NS (NS2, NS3, NS4A, NS4B, NS5A àti NS5B), fáírọ́ọ̀sì gbé sísọ́ọ̀sì tiẹ̀ wá: NS2 á gé ara ẹ̀ kúrò lára NS3, NS3 á wá bá NS4A so pọ̀, àwọn méjèèjì ló ń gé gbogbo èyí tó kù. Ẹ máa rántí NS3 àti NS4A yìí, torí iṣẹ́ ibi míì tún wà lọ́wọ́ wọn, ibẹ̀ náà sì ni oògùn ti kọ́kọ́ rí wọn mú.

Kí ni miR-122 yẹn ń bá a ṣe?

Tèmi o, nǹkan tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Inú sẹ́ẹ̀lì kún fún àwọn ẹ́ńsáìmù tí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa jẹ RNA tí etí ẹ̀ wà ní ṣíṣí. Gbogbo ẹni tó ti lo okùn rí mọ̀ pé tẹ́ẹ bá gé okùn tẹ́ ẹ ò so ìdí ẹ̀, ó máa tú ni, á tú títí okùn ò fi ní wúlò mọ́. RNA Hepatitis C tí kò dé fìlà, etí ẹ̀ wà ní ṣíṣí. Ó yẹ kí wọ́n ti jẹ ẹ́ tán.

Àmọ́ miR-122 méjì á wá so mọ́ ibẹ̀ pinpin, wọ́n á sì dí i. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé iṣẹ́ tí irú RNA kéékèèké yìí máa ń ṣe nínú sẹ́ẹ̀lì ni pé kí wọ́n pa ìròyìn lẹ́nu mọ́, tí wọ́n bá so mọ́ RNA kan, RNA yẹn ò ní pẹ́ tán. Ti Hepatitis C ló wá dorí kodò, ẹni tó yẹ kó pa á ló ń dáàbò bò ó. Ọdún 2005 ni wọ́n rí èyí. Wọ́n ṣe oògùn kan tó ń dí miR-122 mọ́lẹ̀, miravirsen lorúkọ ẹ̀, wọ́n gún un fún àwọn aláìsàn, èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 2013, fáírọ́ọ̀sì inú ẹ̀jẹ̀ wọn sì wálẹ̀. Kò di oògùn tí wọ́n ń tà torí pé àwọn oògùn tó dáa jù ú lọ ti ń bọ̀ lẹ́yìn, àmọ́ ó jẹ́ ká rí i pé tí wọ́n bá gba nǹkan onílé padà lọ́wọ́ àlejò, ó máa rọ.

Níbo gan-an ló ti ń ṣe ẹ̀dà ara ẹ̀?

Ó máa ń kọ́ ilé tirẹ̀ sínú ilé yín. Nínú sẹ́ẹ̀lì, àwọn awọ kan wà tó tẹ́ bí ẹní, orí wọn ni wọ́n ti ń ṣe purotéènì àti ọ̀rá. NS4B àti NS5A á dì í mú, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á ká a, títí tó fi máa di àwọn yàrá róbótó kéékèèké tí ògiri wọn jẹ́ awọ méjì. Tí wọ́n bá gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ awò tó lágbára, ó rí bí okùn aláǹtakùn tí wọ́n dì jọ. Ibẹ̀ ló máa sá sí ṣe ẹ̀dà, kí àwọn ẹ̀ṣọ́ sẹ́ẹ̀lì má baà rí i.

Ilé yẹn nílò bíríkì, fáírọ́ọ̀sì ò sì ní bíríkì. NS5A á lọ fa ẹ́ńsáìmù sẹ́ẹ̀lì kan tó ń jẹ́ PI4KA lọ́wọ́, á ní kó wá máa da irú ọ̀rá kan síbẹ̀, ọ̀rá yẹn á wá pe cholesterol wá sí i. Cyclophilin A náà wà ńbẹ̀, purotéènì tiwa ni, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa bá àwọn purotéènì míì ká ara wọn dáadáa, NS5A ò lè ṣiṣẹ́ dáadáa láìsí i. Ẹ ka gbogbo orúkọ tí mo ti dá láti òkè wá, ẹ máa rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, tiwa ni.

NS5B ló wá ń kọ ẹ̀dà náà. Á kọ́kọ́ kọ òdìkejì okùn náà, á wá fi òdìkejì yẹn kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ okùn tuntun.

Ẹ̀dà mélòó ló ń ṣe lóòjọ́?

Ìṣirò kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1998 sọ pé nínú ara ẹni tó ní in, fáírọ́ọ̀sì tuntun tó ń jáde lójoojúmọ́ tó 1,000,000,000,000. Èyí tó bá sì wà nínú ẹ̀jẹ̀, ìdajì wọn máa ń kú láàárín nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta. Bí wọ́n ṣe ń kú ni àwọn míì ń rọ́pò wọn, ìyẹn lẹ fi máa mọ̀ pé tí nǹkan bá dá iṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì yẹn dúró, kò ní pẹ́ rárá tí ẹ̀jẹ̀ á fi mọ́.

NS5B sì jẹ́ akọ̀wé tí kì í ka ohun tó kọ. Láàárín lẹ́tà 10,000 sí 100,000 tó bá kọ, ó máa ṣi ọ̀kan, kò sì ní padà wá tún un ṣe. Àṣìṣe yẹn ló ń jẹ́ kí fáírọ́ọ̀sì máa pa àwọ̀ dà lójoojúmọ́, àwọn ọmọ ogun ara á ti kọ́ bí ti àná ṣe rí, ti òní á ti yàtọ̀. Oríṣi 8 ló wà káàkiri ayé báyìí, tẹ́ẹ bá gbé oríṣi kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ òmíràn, nínú lẹ́tà 100, nǹkan bí 30 ló máa yàtọ̀. Ìdí kan pàtàkì nìyí tí kò fi tíì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un títí dòní.

Ṣé sẹ́ẹ̀lì wa ò mọ̀ pé olè wà nílé ni?

Ó mọ̀, ó sì fẹ́ pariwo. Sẹ́ẹ̀lì ní àwọn ẹ̀ṣọ́ tó máa ń dá RNA àjèjì mọ̀, tí wọ́n bá rí i wọ́n á lọ sọ fún purotéènì kan tó ń jẹ́ MAVS, MAVS ló máa wá lu agogo kí interferon, purotéènì tí sẹ́ẹ̀lì fi ń kìlọ̀ fún àwọn míì, lè jáde, kí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà nítòsí lè ti ilẹ̀kùn wọn. Ẹ rántí NS3 àti NS4A, sísọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń gé ọ̀já. Sísọ́ọ̀sì kan náà ló máa lọ gé MAVS kúrò níbi tó so sí. Agogo já bọ́, kò dún mọ́. Ó tún ń gé TRIF, tó jẹ́ ọ̀nà ìkéde kejì.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni èyí máa ń mú ṣá. Nǹkan bí èèyàn 30 nínú 100 tó bá kó o, ara wọn máa lé e fúnra ẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà, láìlo oògùn kankan. Àwọn tó kù ló máa ń bá gbé.

Báwo ni àwọn tuntun ṣe ń jáde?

Wọn kì í bẹ́ sẹ́ẹ̀lì. Core á lọ tò yí ẹ̀kán ọ̀rá tí sẹ́ẹ̀lì kó pamọ́ ká, ẹ́ńsáìmù tiwa kan tó ń jẹ́ DGAT1 ló ń mú un débẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń di RNA tuntun sínú core, wọ́n á fi awọ wé e, E1 àti E2 á wọlé, ApoE á so mọ́ ọn, wọ́n á sì bá ọ̀nà tí páálí ọ̀rá ń gbà jáde. Ó wọ aṣọ onílé wọlé, ó tún wọ aṣọ onílé jáde. Àwọn míì ò tiẹ̀ ní jáde sínú ẹ̀jẹ̀, tààrà ni wọ́n máa ti sẹ́ẹ̀lì kan bọ́ sí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, àwọn antibody inú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn purotéènì tí ara fi ń mú àjèjì, ò sì lè rí wọn.

Tí kò bá jẹ ẹ̀dọ̀, tí kò sì bẹ́ sẹ́ẹ̀lì, kí ló wá ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́?

Ìjà. Àwọn ọmọ ogun ara máa ń wá pa sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n bá rí i pé fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀, wọ́n á pa á, ẹ̀dọ̀ á hù òmíì, wọ́n á tún pa á, fún ogún ọdún, fún ọgbọ̀n ọdún. Ibi tí ọgbẹ́ bá ti ń san tó tún ń yọ, àpá ló máa kún ibẹ̀. Àpá ò lè ṣe iṣẹ́ ẹ̀dọ̀. Láàárín 20 ọdún, èèyàn 15 sí 30 nínú 100 tó ń bá a gbé ni ẹ̀dọ̀ wọn máa ń le gbagidi, àwọn míì nínú wọn á ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Ọtí máa ń sáré mú un dé. Nínú gbogbo ọdún yẹn, ọ̀pọ̀ wọn ò ní mọ nǹkan kan lára, kò sí ibà, ojú ò pọ́n, wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́ wọn. Àjọ WHO sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 50 èèyàn ló ń bá a gbé láyé.

Ṣé òun àti Hepatitis B ò jọ jẹ́ nǹkan kan náà ni?

Rárá o, orúkọ ló jọra, ẹ̀dọ̀ ni wọ́n sì jọ ń gbé. Hepatitis B máa ń wọ inú yàrá tí DNA wa wà, ó máa ń fi òrùka DNA tiẹ̀ síbẹ̀, òrùka yẹn á sì máa gbé ibẹ̀. Tí oògùn bá pa gbogbo ẹ̀dà rẹ̀ tó wà níta, òrùka ṣì wà, ó lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ìdí nìyẹn tó fi ṣòro láti lé jáde pátápátá, àmọ́ ó ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Hepatitis C ò ní òrùka, kò ní DNA, kò fi nǹkan kan pamọ́ sí yàrá yẹn. RNA tó wà níta ni gbogbo dúkìá ẹ̀. Tí ẹ bá dá NS5B dúró fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, àwọn okùn tó wà nílẹ̀ á jẹrà, kò sì sí ibi tó máa ti rí ìwé míì kà.

Àwọn oògùn wo ló wà, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́?

Ẹ wo ìparí orúkọ wọn, ẹ máa mọ ibi tí wọ́n dojú kọ. Èyí tó bá parí pẹ̀lú -previr, sísọ́ọ̀sì NS3 àti NS4A ló dí lẹ́nu, méjì àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 2011. Èyí tó bá parí pẹ̀lú -asvir, bíi daclatasvir àti velpatasvir, NS5A ni, ẹni tó ń kọ́lé. Èyí tó parí pẹ̀lú -buvir, akọ̀wé NS5B ni. Sofosbuvir ló gbajúmọ̀ jù, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní oṣù Kejìlá 2013. Ó máa ń ṣe bí ẹni pé lẹ́tà RNA lòun, NS5B á mú un, á fi kún okùn tó ń kọ, okùn yẹn ò sì ní lè gùn mọ́ láti ibẹ̀.

Wọ́n máa ń da oríṣi méjì pọ̀, ẹ máa lo ó lẹ́nu fún ọ̀sẹ̀ 8 tàbí 12 ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ó sì ń wo ju 95 nínú 100 sàn. Nígbà tí sofosbuvir kọ́kọ́ jáde ní Amẹ́ríkà, hóró kan jẹ́ dọ́là 1,000, ọ̀sẹ̀ 12 jẹ́ dọ́là 84,000, inú mi ò dùn sí iye yẹn títí dòní torí àwọn tó kú nígbà tí oògùn wà nílẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó wà ní Íńdíà àti Íjíbítì ti ń ṣe é báyìí, owó ẹ̀ sì ti wálẹ̀ gan-an. Íjíbítì yẹn náà, abẹ́rẹ́ àrùn ìtọ̀-ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gún láti àwọn ọdún 1950s títí di àwọn ọdún 1980s láìṣe é mọ́ dáadáa ló tan fáírọ́ọ̀sì yìí ká ibẹ̀, lọ́dún 2018 sí 2019 wọ́n wá yẹ ẹ̀jẹ̀ nǹkan bíi mílíọ̀nù 50 èèyàn wò, wọ́n sì tọ́jú àwọn tó ní in.

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ Hepatitis B wò pẹ̀lú. Ẹni tó ní méjèèjì, tí C bá lọ, B lè dìde.

Agbo ńkọ́?

Mi ò tíì rí agbo kankan tí wọ́n fi àyẹ̀wò RNA fi hàn pé ó lé Hepatitis C kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló máa ń ṣiṣẹ́ lórí gbogbo nǹkan tẹ́ẹ bá mu, èyí tó ti ń jìyà tẹ́lẹ̀, ẹ má di ẹrù míì lé e lórí. Tí ẹ bá ti ń mu ún, ẹ sọ fún dókítà, ẹ má fi pamọ́.

Ta ló wá gbogbo èyí rí?

Àwọn èèyàn pọ̀. Ní 1970s, Harvey Alter rí i ní Amẹ́ríkà pé àwọn tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí lára ń ní àrùn ẹ̀dọ̀ tí kì í ṣe A tí kì í ṣe B. Lọ́dún 1989, Michael Houghton, Qui-Lim Choo àti George Kuo pẹ̀lú Daniel Bradley rí fáírọ́ọ̀sì náà, wọn ò fojú rí i o, ègé ìwé ẹ̀ ni wọ́n rí. Charles Rice wá fi hàn lọ́dún 1997 pé RNA yẹn nìkan tó láti fa àrùn. Ṣùgbọ́n wọn ò lè mú un dàgbà nínú lábù, àfìgbà tí Volker Lohmann àti Ralf Bartenschlager ní Jámánì jẹ́ kó ṣe ẹ̀dà ara ẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ tó ń jẹ́ Huh-7 lọ́dún 1999, tí Takaji Wakita ní Japan wá rí èyí tó lè parí gbogbo ìrìn-àjò ẹ̀ nínú àwo lábù lọ́dún 2005. Láìsí sẹ́ẹ̀lì yẹn, kò sí bí wọ́n ṣe máa dán oògùn wò.

Alter, Houghton àti Rice gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2020. Houghton yìí, wọ́n fẹ́ fún un ní ẹ̀bùn Gairdner ti Kánádà lọ́dún 2013, ó kọ̀ ọ́ torí pé wọn ò dárúkọ Choo àti Kuo mọ́ ọn. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn nítorí ìyẹn.

Tí wọ́n bá kọ reactive sórí bébà mi, ṣé mo ní in nìyẹn?

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Antibody ni àyẹ̀wò àkọ́kọ́ yẹn ń wá, ìyẹn ẹ̀rí pé ara yín ti bá a pàdé rí. Ẹni tí ara ẹ̀ ti lé e jáde máa ṣì ní antibody. RNA ni kẹ́ ẹ lọ yẹ̀ wò, torí pé ibi tí RNA bá wà, ẹ̀dà ń lọ lọ́wọ́. Tí kò bá sí RNA, kò sí fáírọ́ọ̀sì.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kó o? Tí mo bá sì ti yè, ṣé mo lè tún kó o?

Ẹ̀jẹ̀ sí ẹ̀jẹ̀ ni. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò, ẹ̀jẹ̀ tí wọn ò yẹ̀ wò kí wọ́n tó fà á sí èèyàn lára, abẹ tí wọ́n fi sín gbẹ́rẹ́ fún ẹnì kan tí wọ́n tún fi sín fún ẹlòmíì, abẹ onígbàjámọ̀ tí wọn ò pààrọ̀. Ìyá lè kó o ran ọmọ nígbà ìbí. Ẹ lè jọ jẹun nínú abọ́ kan, ẹ lè dì mọ́ra, ẹ lè bọwọ́, kò ní ràn yín.

Ẹ lè tún kó o o, antibody tó ṣẹ́ kù lára ò lè dá a dúró. Antibody yẹn sì máa wà ńbẹ̀ pẹ́, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fi àyẹ̀wò kékeré yẹn yẹ̀ yín wò, reactive ni wọ́n á máa kọ, kódà tẹ́ẹ bá ti yè pátápátá, kí ẹ má jáyà. Bébà RNA ni kẹ́ ẹ tọ́jú. Màmá tí mo sọ̀rọ̀ wọn lókè lo oògùn fún ọ̀sẹ̀ 12, wọ́n dúró ọ̀sẹ̀ 12 míì kí wọ́n tó tún yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí RNA kankan níbẹ̀. Wọ́n fi bébà tuntun náà sínú náílọ́ọ̀nù kan pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n èyí, wọn ò ká a rárá.